Kí Kọ́kọ́rọ́ Tó Dé Ọwọ́ Ayálégbé: Àgbéyẹ̀wò Àtúnṣe Ilé Yíyá

Bí èèyàn bá ń wá ilé tí yóò yá ní Ògbà, ní Ìyànà Ìpájà, ní Àkóbọ̀ tàbí ní Bódìjà, ohun tí alágbàtà máa kọ́kọ́ fi hàn án kò yàtọ̀ láti àdúgbò kan sí òmíràn: táìlì tó ń dán, sílìn POP tó ní iná kéékèèké lára, kábíńẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná, ọ̀dà tí òórùn rẹ̀ kò tíì lọ. Alágbàtà kì í mú ẹnikẹ́ni gun òrùlé. Kì í ṣí ìdérí sokawé. Kò sì sí ẹni tó ń bi í léèrè irú wáyà tó wà nínú ògiri. Ó di oṣù kẹfà, nígbà tí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá, kí ayálégbé tó mọ irú ilé tó san owó ọdún kan lé lórí. Ọ̀rọ̀ onílé tó fẹ́ tún ilé ṣe kó tó fi gbowó ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí: kí ló yẹ kó náwó lé, kí ló yẹ kó fi sílẹ̀, báwo ni yóò sì ṣe mọ ìgbà tí owó rẹ̀ máa padà? Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ onílé ló ń ti ìparí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń náwó sórí ohun tí ojú ń rí, wọ́n ń fi ohun tó ń ba ilé jẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni omi, iná àti ohun tó gbé ilé dúró ló ń pinnu bóyá ilé yíyá máa lérè tàbí ó máa jẹ owó onílé lọ́dọọdún.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Àtúnṣe tó wà lójú ló ń tètè gbé owó ilé sókè. Ẹni tó sì ń gba onílé nímọ̀ràn jù, ìyẹn alágbàtà, ìdá kan nínú owó ilé ọdún àkọ́kọ́ ni owó iṣẹ́ rẹ̀; ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Bí owó ilé bá ṣe ga tó lọ́dún yẹn ni tirẹ̀ máa ṣe pọ̀ tó. Bí òrùlé bá jò lọ́dún kẹta, kò kàn án. N kò sọ èyí láti bẹnu àtẹ́ lu àwọn alágbàtà, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìmọ̀ràn ẹni tó ń gbowó lórí ọdún kan kò lè tó fún ẹni tó fẹ́ fi ilé gbowó fún ogún ọdún.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní ilé oníyàrá méjì kan ń mú ₦1,200,000 wọlé lọ́dún. Onílé ná ₦3,000,000 sórí sílìn POP, táìlì tuntun tó fi rọ́pò èyí tí kò tíì bàjẹ́, àti kábíńẹ́ẹ̀tì tó bá ìgbà mu, ó wá fi ₦300,000 kún owó ilé. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni yóò fi gba owó rẹ̀ padà, bí ilé kò bá ṣófo fún oṣù kan péré láàárín rẹ̀, bí náìrà kò bá sì já wálẹ̀. Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé POP tí wọ́n so mọ́ abẹ́ òrùlé tó ti gbó máa pé ọdún mẹ́wàá? Ní ọdún 2024, èlé orí ìwé owó ìjọba tí wọ́n ń pè ní treasury bills kọjá ìdá méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún. Owó kan náà níbẹ̀ ì bá ti mú ohun tó lé ní ₦500,000 wọlé láàárín ọdún kan, láìpe pulọ́ńbà kankan. Ẹni tó bá wá lọ yáwó ní báńkì fún irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìwọ̀n èlé tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé kalẹ̀ jẹ́ 27.5% ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, tí àwọn báńkì yòókù sì ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tó bá yáwó, gbèsè ló lọ fowó rà.

Ẹ wá wo onílé kejì tó ní irú ilé kan náà. ₦900,000 ló ná, gbogbo rẹ̀ ló sì lọ sórí òrùlé, páìpù àti wáyà. Kò rí kọ́bọ̀ kan fi kún owó ilé nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kọ̀ọ̀kan tí ilé rẹ̀ bá ṣófo, ₦100,000 ló ń bá a lọ. Ayálégbé tí òjò lé jáde lẹ́yìn ọdún kan máa fi ilé sílẹ̀ lófìfo fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Onílé máa tún un kùn, ó máa tún sílìn ṣe, ó máa rí ẹlòmíràn, ẹni yẹn náà á sì lọ nígbà tí òjò bá tún dé. Ayálégbé tó jókòó fún ọdún mẹ́fà, tó ń san owó rẹ̀ lásìkò, òun ni èrè tó wà nínú òrùlé tí kò jò. Èrè yìí kì í hàn nínú ìpolówó ilé, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi í kà á mọ́ èrè.

Wọ́n lè sọ pé ìṣirò yìí kò bá gbogbo àdúgbò mu, òótọ́ sì ni. Ní Ìkòyí, ní Victoria Island, ní apá kan Lẹ́kí, ẹni tó ń san ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù lọ́dún ń sanwó ẹwà mọ́ ti ilé, onílé tí ilé ìdáná rẹ̀ kò bá ti àwọn aládùúgbò mu kò sì ní tètè rí ayálégbé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n fi yanrìn dí ni púpọ̀ nínú Lẹ́kí, omi kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀ níbẹ̀. Bí a kò bá kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ omi, ẹwà olówó gọbọi yẹn ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́. Ohun tí àdúgbò olówó lè yí padà ni iye tí onílé máa ná gbẹ̀yìn, kì í ṣe ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe.

Omi ló yẹ kó kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ onílé, nítorí òun ló ń ba gbogbo nǹkan yòókù jẹ́. Ẹ jẹ́ ká ti òkè bẹ̀rẹ̀. Àṣà kan ti gbòde láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, pé kí wọ́n mọ ògiri kúkúrú yí orí ilé ká kí páànù má bàa hàn láti ìta. Parapẹ́ẹ̀tì ni àwọn bíríkìlà ń pè é. Ó máa ń bu ẹwà kún ilé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi òjò tí ì bá ṣàn gba etí òrùlé bọ́ sílẹ̀ wá ń kóra jọ sínú gọ́tà kọnkéré tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn, ihò kan tàbí méjì péré ló sì ní láti gbà jáde. Ewé díẹ̀ àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tí afẹ́fẹ́ gbé débẹ̀ ti tó láti dí ihò náà pa. Omi á dúró, á wá ojú ibi tí sìmẹ́ńtì ti là, á sì gba inú ògiri wọ yàrá. Ayálégbé á kọ́kọ́ rí àmì pupa rúsúrúsú ní igun sílìn, tí yóò máa fẹ̀ sí i lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Onílé á pe pẹ́ńtà. Pẹ́ńtà á kùn ún, àmì náà á tún yọ. Iṣẹ́ tó yẹ níbẹ̀ ni kí wọ́n fẹ ihò náà lójú, kí wọ́n fi páìpù tó tóbi sí i, kí wọ́n fi fẹ́ẹ̀lì dúdú tí kì í gbomi tẹ́ inú gọ́tà, kí ẹnì kan sì máa gòkè lọ kó ìdọ̀tí rẹ̀ lọ́dọọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Owó iṣẹ́ yìí kì í sábà tó ti POP pálọ̀.

Omi tó ń ti ilẹ̀ gòkè ló ṣòro jù, òun náà sì ni wọ́n ń fi pamọ́ jù. Búlọ́ọ̀kù máa ń fa omi. Níbi tí ẹni tó kọ́lé kò bá ti tẹ́ náílọ́ọ̀nù sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri, omi inú ilẹ̀ á máa gun búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, á kó iyọ̀ dání, nígbà tó bá sì dé ojú ògiri tí omi gbẹ, iyọ̀ náà á kù síbẹ̀, á máa ti ọ̀dà kúrò lára ògiri. Ẹni tó bá ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ ọ́n dáadáa: ọ̀dà á wú, á bó, ìyẹ̀fun funfun á máa dà sílẹ̀ láti orúnkún dé ìbàdí, aṣọ tó bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó fara ti ògiri náà á bu. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ilé náà pe ayálégbé ni kí wọ́n fi sìkírídìn bò ó, tàbí kí wọ́n lẹ táìlì mọ́ ọn dé ìbàdí. Táìlì kì í gbẹ omi. Ojú ibi tí omi ì bá gbà jáde ló dí, omi á sì gùn ún kọjá. Kó tó pẹ́, ọ̀dà á tún máa bó lókè táìlì, iṣẹ́ á sì ti di méjì nítorí táìlì náà ní láti kúrò. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò ní ẹwà kankan nínú: kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ìta kúrò lára ògiri tí iyẹ̀pẹ̀ bá ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, kí wọ́n ṣe gọ́tà tí yóò gbé omi òjò jìnnà sí ìpìlẹ̀, kí wọ́n gé sìmẹ́ńtì ara ògiri kúrò kọjá ibi tí omi dé, kí wọ́n tún un rẹ́ pẹ̀lú àpòpọ̀ tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, kí wọ́n sì fi ògiri sílẹ̀ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọ̀dà tó kàn án. Níbi tó bá le jù, àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ògiri níwọ̀n-níwọ̀n láti ki ohun tó ń dènà omi bọ abẹ́ rẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ nìkan ló sì yẹ kó dán an wò.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni ọ̀rọ̀ ògiri tútù, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ọmọ ọdún méjì kan tó ń jẹ́ Awaab Ishak kú níbẹ̀. Nígbà tí adájọ́ tó ń ṣèwádìí ikú parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2022, ó sọ pé ohun dúdú tó ń hù lára ògiri tútù ilé tí àwọn òbí rẹ̀ yá ló ba èémí ọmọ náà jẹ́. Àwọn òbí náà ti fẹjọ́ sùn tẹ́lẹ̀. Ikú ọmọ yìí ló bí òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, tó ń fi gbèdéke ọjọ́ lé àtúnṣe irú ògiri bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ilé tí àjọ ń fi yáni lọ́hùn-ún. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester jẹ́ onílé nílé níbí. Wọ́n mọ̀ pé níbi tí wọ́n wà, onílé tó ń fi ilé yáni ní England gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹ wáyà ilé wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún márùn-ún. Wọ́n mọ̀ pé ògiri tútù lè gbé onílé dé ilé ẹjọ́. Kò sí ìdí tí ọmọ tó ń sùn nínú yàrá wọn ní Ìkòròdú tàbí ní Ìbàdàn kò fi ní yẹ fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Omi tó kù ni èyí tí a fọwọ́ ara wa pè wọlé. Páìpù tó wà lẹ́yìn táìlì balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ kún fún omi, kí wọ́n dí i ní ẹnu, kó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó bò ó. Pulọ́ńbà tó bá ń kánjú bò ó kó tó rí i bóyá ó ń jò kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ti kànga àti bóhòòlù gba ìrònú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń tẹ̀ lé ni pé kí sokawé jìnnà sí orísun omi mímu tó mítà ọgbọ̀n. Pulọ́ọ̀tì tí a mọ̀ sí ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ní ọgọ́fà kò ju nǹkan bíi mítà méjìdínlógún ní mẹ́tàdínlógójì lọ. Onílé lè fi tirẹ̀ sí igun méjì tó jìnnà síra, kí sokawé aládùúgbò sì wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, nítòsí bóhòòlù rẹ̀ gan-an. Lórí ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, ó tilẹ̀ ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí onílé gbé omi bóhòòlù lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì mọ ohun tó fẹ́ fún èèyàn mu, kó tó ra ẹ̀rọ ìwẹ̀ olówó ńlá tí omi yẹn máa gba inú rẹ̀ jáde.

Ní ti iná, ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ó kàn léwu ni. Ilé tí wọ́n fi wáyà sí nígbà tí gílóòbù mẹ́rin, fáànù kan àti rédíò jẹ́ gbogbo ẹrù rẹ̀ ni wọ́n wá so ẹ̀rọ amúlétutù, fíríìsà, ẹ̀rọ omi gbígbóná àti ínfẹ́tà mọ́. Wáyà 1.5 mm wà fún gílóòbù, 2.5 mm fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ amúlétutù sì nílò 4 mm. Níbi tí wọ́n bá ti fi ti gílóòbù gbé ẹ̀rọ amúlétutù, sọ́kẹ́ẹ̀tì á kọ́kọ́ gbóná, á yọ́, ilé á sì gbiná. Wáyà ayédèrú pọ̀ lọ́jà, aluminiọ́ọ̀mù ni wọ́n kùn ní àwọ̀ kọ́pà. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ ha á, funfun rẹ̀ á yọ. Ilé tó bá sì ní ju ìdílé kan lọ gbọ́dọ̀ ní mítà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lóòjọ́, ti fò láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 lórí kílówáàtì wákàtí kan, ìjà orí mítà àjọlò náà ti di ohun tó ń tú ayálégbé kúrò nílé.

Ibi tí àtúnṣe ti lè di ikú ni ibi tí onílé ti fẹ́ yí ara ilé padà. Ní Mushin, ní Ṣómólú, ní Àgége, ọ̀pọ̀ ilé face-me-I-face-you ni wọ́n ń sọ di mini-flat. Wọ́n á wó ògiri tó wà láàárín yàrá méjì, wọ́n á fi balùwẹ̀ sí yàrá kọ̀ọ̀kan, àti èyí tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nínú ilé àtijọ́, ògiri tó dà bíi pé ó kàn pààlà yàrá lè jẹ́ òun gan-an ló gbé dẹ́kìn. Balùwẹ̀ tuntun lókè túmọ̀ sí ẹrù tuntun, omi tuntun sì ni pẹ̀lú, tí yóò máa jò sórí irin dẹ́kìn tó ti ń dípẹtà tẹ́lẹ̀. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú. Bó bá wú, á fọ́ kọnkéré tó bò ó. Ìdí nìyẹn tí èérún kọnkéré fi máa ń já bọ́ lábẹ́ bákónì ilé àtijọ́, tí irin pupa sì ń yọjú. Onílé tó bá rí èyí, tó wá fi POP bò ó, ìkìlọ̀ ló bò mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, ní Erékùṣù Èkó, èèyàn bí ogún ló sì kú, ọmọdé sì wà lára wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ pé wọ́n ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Ní Èkó lónìí, àṣẹ LASPPPA, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ló yẹ kí onílé gbà kó tó yí ara ilé padà, àjọ LASBCA ló ń bójú tó iṣẹ́ náà, ilé iṣẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ń dán ohun èlò ìkọ́lé wò sì lè yẹ òpó àti dẹ́kìn wò láìfọ́ wọn. Ìnáwó ni, ó sì ń gba àkókò. Síbẹ̀, bí àyẹ̀wò bá sọ pé ilé kò lè gbé e, owó ló kó yọ fún onílé, àti ẹ̀mí.

Ohun méjì tún wà nínú ilé àtijọ́ tí oníṣẹ́ kì í kà sí. Páànù asbestos àti sílìn rẹ̀, tó wọ́pọ̀ nínú ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1990, kì í ṣe ewu púpọ̀ bó bá wà lódindi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fi òòlù fọ́ ọ, eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn rẹ̀ sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yọjú. Kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n tú ìṣó rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí wọ́n má gbá a ní gbígbẹ. Òjé sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́. Kí wọ́n má fi sáńpépà gbígbẹ ha á nílé tí ọmọdé wà.

Àtakò tí onílé máa ń gbé kalẹ̀ jù ni pé ayálégbé ń ba ilé jẹ́. Wọ́n á ní kí ni àǹfààní pé wọ́n ṣe ilé dáadáa, nígbà tí ẹni tó wọ ibẹ̀ máa kan ìṣó mọ́ gbogbo ògiri, tó máa jó ilẹ̀ ilé ìdáná, tó máa fi ìdọ̀tí dí páìpù? Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ayálégbé lè bàjẹ́: ọ̀dà, ilẹ̀kùn, kábíńẹ́ẹ̀tì, táìlì, ìfọwọ́. Gbogbo wọn ló wà lára ohun tí mò ń sọ pé kí onílé má náwó gọbọi lé. Ayálégbé kì í gun orí ilé lọ tú fẹ́ẹ̀lì gọ́tà. Kì í yọ wáyà jáde nínú ògiri. Kì í wú náílọ́ọ̀nù ìpìlẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé àtakò yìí dé òpin, òun gan-an ló ń sọ pé kí owó lọ sí ibi tí ọwọ́ ayálégbé kò lè dé, kí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń kàn lójoojúmọ́ jẹ́ èyí tó lágbára, tó ṣeé fọ̀, tí a lè pààrọ̀ ẹyọ kan rẹ̀ láìtú gbogbo rẹ̀. Ọ̀dà sátíìnì tó ṣeé nù dára ju ẹmọ́ṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú lọ. Táìlì tó wọ́pọ̀ lọ́jà dára ju èyí tí wọn kò ní rí irú rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọdún méjì, kí onílé sì ra páálí kan lé e, kó fi pamọ́.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ. Wọ́n ní ilé wọ́n. Bí ilé bá ti wù kó rí, ẹnì kan máa yá a, kí ló dé tí onílé yóò fi máa yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pàápàá lẹ́yìn tí àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ọjà ní oṣù kejì ọdún 2024? Mo mọ̀ pé owó ń dun onílé, pàápàá ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé owó ilé náà ló fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n àìtó ilé kì í fi òrùlé tó ń jò sílẹ̀ bó ṣe wà. Pákó òrùlé tí omi ń rin lọ́dún yìí máa jẹrà lọ́dún tó ń bọ̀, iṣẹ́ páànù mẹ́ta á sì di iṣẹ́ òrùlé odindi. Sìmẹ́ńtì tó wọ́n lónìí ló mú kí ìdádúró wọ́n sí i. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè pín iṣẹ́ náà: òrùlé àti gọ́tà lọ́dún kan, wáyà lọ́dún kejì, kí táìlì àti ọ̀dà dúró de owó ilé tó ń wọlé. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni pé kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà.

Àwọn mìíràn máa ń fi iṣẹ́ náà lé ayálégbé lọ́wọ́: kí ó tún ilé ṣe, kí wọ́n yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó ilé. Ó lè dára bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì mọ iye rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin Ìyálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 tilẹ̀ sọ pé ayálégbé tó bá fi àṣẹ onílé nínú ìwé ṣe ohun tó mú ilé sunwọ̀n sí i ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú nígbà tí onílé bá fòpin sí ìyálégbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló ń di ìjà. Òfin kan náà ló sọ pé onílé ló ni àtúnṣe ara ilé láti ìta àti àwọn ibi àjọlò, tí ayálégbé sì ni ìtọ́jú inú, yàtọ̀ sí gbígbó tí ọjọ́ orí ń mú wá. Òfin náà kò kan Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ìpín iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ bá ọgbọ́n mu níbikíbi. Ó tún sọ pé kí onílé má ṣe gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń san lọ́dọọdún. Onílé tó ti rì sínú gbèsè POP ló máa ń bèèrè ti ọdún méjì. Àtúnṣe tí kò bá ìṣirò mu ló ń tì í sínú rírú òfin.

Ó ku àwọn tó ń gbé inú ilé náà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ló sì ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Yàrá mẹ́jọ tó di mini-flat mẹ́rin ti lé ìdílé mẹ́rin jáde kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù kì í sì í sábà lè san owó tuntun. Onílé ní ẹ̀tọ́ láti tún ohun ìní rẹ̀ ṣe, òfin Èkó sì gbà pé àtúnṣe ńlá jẹ́ ìdí kan tí ilé ẹjọ́ lè fi dá ilé padà fún un. Ṣùgbọ́n ó ní láti fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún ní oṣù mẹ́fà, àyàfi tí àdéhùn wọn bá sọ òmíràn, lẹ́yìn náà kó fún un ní ìwé ọlọ́jọ́ méje kó tó lọ sílé ẹjọ́. Ṣíṣí páànù lórí ayálégbé, gígé iná rẹ̀, tàbí wíwó balùwẹ̀ kí ó lè kó jáde jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n wà fún. Lójú tèmi, ohun tí òfin béèrè kéré sí ohun tó yẹ. Ẹni tó ti san owó ilé fún ọdún mẹ́wàá, tí owó náà sì wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ fi tún ilé ṣe, yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ iye owó tuntun, kí wọ́n sì bi í bóyá ó fẹ́ padà. Àtúnṣe omi àti iná, tí mo ní kó ṣáájú, kò sábà nílò pé kí gbogbo ilé ṣófo. Wọ́n lè ṣe é ní yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn. Kì í gbé owó ilé sókè dé ibi tí kò fi ní ṣeé san, ayálégbé àtijọ́ á sì lè dúró.

Ní ti àkókò, èyí tó yẹ iṣẹ́ yìí ni láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, nígbà tí ògiri lè gbẹ. Onílé tó wà lókèèrè kò gbọ́dọ̀ gba fọ́tò yàrá tí wọ́n ti kùn tán gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí iṣẹ́. Fídíò páìpù àti wáyà kí wọ́n tó bò wọ́n ni kó béèrè, kó sì san owó oníṣẹ́ ní ìpele, bí iṣẹ́ bá ṣe ń hàn sí i. Bí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n tó fúnni ní kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n dán òrùlé wò. Wọ́n á ní dídúró de òjò àkọ́rọ̀ ń jẹ owó, ìyẹn sì tọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà omi gígùn kan tí wọ́n fi ń da omi sórí páànù àti sínú gọ́tà fún wákàtí méjì, kí ẹnì kan mú tọ́ọ̀ṣì dání nínú àjà, kò gbà ju ọ̀sán kan lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí onílé àti ayálégbé jọ yí ilé náà po, kí wọ́n kọ ipò tí ògiri, fèrèsé, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ omi kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i, kí onílé tó gba owó ìdúró kankan tó ń pè ní ti ìbàjẹ́.